Àdéhùn tó wà láàárín Android àti ọpọlọ fóònù yín

Láti Ọ̀fà la ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Lónìí, ìwé kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò ní ṣí i láyé, síbẹ̀ ó wà lára ohun tó ń ṣọ́ owó tó wà nínú áàpù báǹkì wa.

Ẹ mú fóònù yín dání. Ì báà jẹ́ Tecno, Infinix tàbí itel, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé òfin Arm ni processor inú ẹ̀, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀, ń tẹ̀ lé. Ìlú Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ilé-iṣẹ́ Arm wà. Wọ́n kọ òfin sílẹ̀: àṣẹ wo ni processor gbọ́dọ̀ gbọ́, kí ló sì gbọ́dọ̀ ṣe tó bá gbọ́ ọ? MediaTek àti Qualcomm á wá ṣe processor tó bá òfin yẹn mu. Orúkọ ìwé òfin náà ni Arm Architecture Reference Manual. Ó ju 10,000 ojú ìwé lọ, ọ̀fẹ́ sì ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ta ló wá ń kà á? Ẹni tó ń kọ áàpù lásán ò nílò ẹ̀. Àwọn tó ń kọ kernel, ìyẹn ọkàn operating system, ló nílò ẹ̀, torí pé kernel àti processor ló ń kojú ara wọn. Àwa ọmọ Ọ̀fà mọ ìjàkadì: kí ẹni méjì tó wọ̀yá ìjà, wọ́n á ti mọ ohun tí à ń pè ní ìṣubú. Ohun tí ìwé yìí ń ṣe nìyẹn.

Àpẹẹrẹ kan rèé. Arm pín agbára sí ipele mẹ́rin, láti EL0 dé EL3. EL0 ni WhatsApp, géèmù àti áàpù báǹkì wà. EL1 ni kernel sábà máa ń wà. Kernel ló ń sàmì sí ibi tí áàpù kọ̀ọ̀kan lè dé nínú memory, processor ló sì ń dá ẹni tó bá fẹ́ kọjá ààlà dúró. Ìdí nìyẹn tí géèmù ò fi lè ka ohun tó wà nínú áàpù báǹkì. Bí wọ́n ṣe ń kọ ààlà yẹn, inú ìwé náà ló wà.

Tí wọ́n bá ṣi ìwé lóye ńkọ́? Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, lórí kọ̀ǹpútà. Ìwé ti Intel sọ pé tí ìkìlọ̀ kan bá fẹ́ dún lórí àṣẹ tó ń jẹ́ MOV SS, processor á dá a dúró títí àṣẹ tó tẹ̀ lé e á fi parí. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé àṣẹ kejì yẹn ló ń pe kernel, inú kernel ni ìkìlọ̀ náà á ti dún. Ó dà bí àlejò tó tẹ agogo ní géètì, tí agogo ò dún àfìgbà tó wọ pálọ̀. Àwọn ará ilé á rò pé ọ̀kan nínú àwọn ló tẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ 8 oṣù karùn-ún, ọdún 2018, wọ́n kéde àléébù náà: CVE-2018-8897. Ó kan Windows, Linux, macOS àti FreeBSD. Áàpù burúkú lè tibẹ̀ da kọ̀ǹpútà dúró, láwọn ibòmíì ó tiẹ̀ lè gba agbára kernel. Kò kan fóònù Arm, àmọ́ ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kàn wá: gbólóhùn kan tí wọn ò fi sọ́kàn tó lè ṣí ilẹ̀kùn ilé ẹni tí ò ka ìwé náà rí.

Update ni wọ́n fi dí ihò yẹn. Mo mọ̀ pé dátà ti wọ́n, àmọ́ tí fóònù yín bá ní security update ti dé, ẹ jẹ́ kó wọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ computer science ní Federal Polytechnic níbí, tí ìwé Arm bá pọ̀ jù fún yín, ẹ fi ti RISC-V bẹ̀rẹ̀. Berkeley ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 2010, ọ̀fẹ́ ni òun náà, ó sì kéré gan-an sí ti Arm. Orí tó sọ̀rọ̀ ipele agbára ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà.

Ó dìgbà o.