Álọ́ọ̀mù Inú Omi Kànga àti Magnẹ́síọ̀mù Ara RNA

Ẹni tó bá ti fa omi kànga lẹ́yìn òjò ńlá mọ iṣẹ́ álọ́ọ̀mù. A ó bù ú díẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù, a ó rò ó pọ̀, a ó sì fi í sílẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ẹrẹ̀ á fi rògún sísàlẹ̀, tí omi á tòrò. Kí ni kò jẹ́ kí ẹrẹ̀ ọ̀hún silẹ̀ fúnra rẹ̀? Iná nẹ́gétíìfù ló wà lára amọ̀ wínníwínní wọ̀nyẹn, oníná kan náà sì máa ń ti ara wọn sẹ́yìn ni. Álúmíníọ̀mù inú álọ́ọ̀mù, tó ru iná pọ́sítíìfù mẹ́ta, ló pẹ̀tù sí ìjà náà.

Ìjà yìí gan-an ló wà lára RNA, okùn tín-ín-rín tó ń jíṣẹ́ DNA nínú sẹ́ẹ̀lì. Fọ́sífeètì tò sára rẹ̀ láti òkè délẹ̀, gbogbo wọn ló sì ru iná nẹ́gétíìfù. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ RNA gbọ́dọ̀ ká lé ara wọn kí wọ́n tó wúlò. Báwo ni ọ̀tá yóò ṣe sùn lórí ẹní kan?

Magnẹ́síọ̀mù ni onílàjà. Sódíọ̀mù náà ń gbìyànjú, àmọ́ iná kan péré ló ní. Àfi kó pọ̀ gan-an kó tó ṣe ohun tí magnẹ́síọ̀mù oníná méjì fi ìwọ̀nba ṣe. Ní 1966, Tomas Lindahl, Jacques Fresco àti ẹnì kẹta wọn fi hàn pé tRNA, irú RNA kan, tó ti pàdánù ìrísí rẹ̀ lè padà sípò bí wọ́n bá fún un ní magnẹ́síọ̀mù. Lẹ́tà kan ò yí padà lára rẹ̀ o! Ìyìn tí à ń kó fún àwọn lẹ́tà RNA, ìyẹn A, U, G àti C, nìkan ti pọ̀ jù.

Ní 1996, Jennifer Doudna, Jamie Cate àti ẹgbẹ́ wọn fi ìtànṣán X rí ègé RNA onílẹ́tà 160 kan, láti ara Tetrahymena, ẹ̀dá omi onísẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Níbì kan, fọ́sífeètì kọjú sínú, magnẹ́síọ̀mù márùn-ún sì kóra jọ sáàrin wọn.

Ṣùgbọ́n onílàjà yìí ní ìwà mìíràn. Bí omi bá gbóná, òun kan náà ló ń mú kí okùn RNA tètè já. Nítorí náà ni àwọn oníṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò fi máa ń fi EDTA, tó ń gbá magnẹ́síọ̀mù mú, sínú omi tí wọ́n ń tọ́jú RNA sí.