Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ń Kó Akẹ́kọ̀ọ́ Wọ Igbó

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tó jókòó sí kíláàsì àkọ́kọ́, ó ti gbé ẹrù pọ̀n, ó ti wọ igbó. Fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ kan, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bíi mẹ́jọ sí mẹ́wàá á máa rìn, wọ́n á máa sùn nínú àgọ́, wọ́n á sì máa dáná oúnjẹ fúnra wọn. Ẹni tó ń ṣáájú wọn kì í ṣe olùkọ́ tàbí ṣọ́jà. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwọn ni, tó kàn fi ọdún kan tàbí méjì ṣáájú wọn wọlé. Ọmọ nǹkan bí ogún ọdún yìí ni yóò sọ bóyá odò tó kún ṣeé là kọjá, bóyá orí tó ń fọ́ ẹnì kan nínú wọn jẹ́ ti oòrùn lásán tàbí ti àìsàn tó lè pa á. Láti sọ irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ di ẹni tí a lè fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ lé lọ́wọ́ gba ẹ̀kọ́ púpọ̀, ẹ̀kọ́ náà sì ti di iṣẹ́ tó ní ìlànà, ìwé-ẹ̀rí àti ìtàn tirẹ̀.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì Dartmouth, ní ìlú Hanover ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, ni ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jáde wọ igbó ti pẹ́ jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ní 1909, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Fred Harris kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn ilé ẹ̀kọ́ náà, ó ní kí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ jáde sórí yìnyín nígbà òtútù dípò kí wọ́n máa sé ara wọn mọ́lé. Bí Dartmouth Outing Club ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láti 1935 ni wọ́n ti ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun lọ sí igbó àti orí òkè kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ló tún ń tọ́jú ohun tó ju 50 máìlì lọ lára ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ Appalachian, èyí tó gba àárín ìlú Hanover gan-an kọjá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ayùn gé igi tó wó dí ọ̀nà, wọ́n ń to òkúta sí ibi tí omi ti wọ́ ilẹ̀ lọ. Iṣẹ́ yìí jẹ́ ẹ̀kọ́ pàtàkì fúnra rẹ̀, nítorí pé ẹni tó ti tún ọ̀nà ṣe mọ ibi tó ti ń yọ̀ ju ẹni tó kàn rìn ín lọ. Ní Princeton, Outdoor Action bẹ̀rẹ̀ ní 1974 lórí irú èrò kan náà.

Orísun kejì ẹ̀kọ́ yìí ni ogun. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ń ri àwọn ọkọ̀ òwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sínú òkun Àtìláńtíìkì. Lawrence Holt, ọ̀kan nínú àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun Blue Funnel ní Liverpool, gbà pé nínú àwọn ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń sá àsálà, àwọn ọ̀dọ́ atukọ̀ tí ara wọn le koko ló ń tètè kú, nígbà tí àwọn àgbà atukọ̀ ń fara dà á títí ìrànlọ́wọ́ fi dé. Ó bá Kurt Hahn sọ ọ́. Olùkọ́ ni Hahn, Júù ọmọ Jámánì, tí àwọn Násì tì mọ́lé ní 1933 nítorí pé ó ta kò wọ́n, tó sì sá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn méjèèjì dá ilé ẹ̀kọ́ Outward Bound sílẹ̀ ní Aberdovey, ní Wales, ní 1941, láti fi bí oṣù kan kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìfaradà lórí òkun àti orí òkè. Àkíyèsí Holt yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé e dúró lé: pé iṣan líle nìkan kì í gba ẹ̀mí là.

Ẹni tó wá yí ojú ẹ̀kọ́ náà sí àwọn tó ń ṣáájú ni Paul Petzoldt. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó gun òkè Grand Teton ní Wyoming ní 1924, bàtà àwọn darandaran ló wọ̀, díẹ̀ ló sì kù kí òtútù pa á. Ó bá ẹgbẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà lọ sí òkè K2 ní 1938. Nígbà tí Outward Bound dé Colorado, ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó sì rí i pé àwọn tó mọ òkè í gùn pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ bí a ṣe ń tọ́jú ènìyàn lórí òkè kò tó nǹkan. Ní 1965 ó dá ilé ẹ̀kọ́ NOLS (National Outdoor Leadership School) sílẹ̀ ní ìlú Lander, ní Wyoming, láti kọ́ àwọn aṣáájú. Ní 1977, òun àti àwọn olùkọ́ yunifásítì mélòó kan tún dá Wilderness Education Association sílẹ̀, kí ẹ̀kọ́ náà lè wọ inú yunifásítì fúnra rẹ̀. Nípa irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ lè rìn nínú igbó, kó sì fi ìrìn náà gba yúnììtì bí ẹni tó ṣe kẹ́místírì tàbí ìtàn.

Ìmọ̀ ọwọ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ́, ó sì yá ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ á mọ bí a ṣe ń ka máàpù tó ń fi gíga ilẹ̀ hàn, bí a ṣe ń lo kọ́ńpáàsì, bí a ṣe ń di ẹrù tí ìwúwo rẹ̀ kò ní dá ẹ̀yìn, bí a ṣe ń fọ omi odò mọ́ kó tó ṣeé mu, àti iye oúnjẹ tí ènìyàn mẹ́wàá yóò jẹ ní ọjọ́ márùn-ún lójú òtútù. Ẹni tí yóò kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní gígun àpáta tàbí wíwa ọkọ̀ lórí odò tó ń ru á tún kọ́ okùn dídì àti ìgbàlà lójú omi. Ó tún gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń fi igbó sílẹ̀ bí a ṣe bá a. Ìlànà méje tí ibùdó Leave No Trace, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1994 ní Colorado, ń kọ́ni ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń lò. Ó kan ohun gbogbo títí dé ìgbẹ́ yíyà: ihò náà gbọ́dọ̀ jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kó sì jìnnà sí omi tó 60 mítà.

Ìtọ́jú aláìsàn ni ibi tí ẹ̀kọ́ ti máa ń le. Nígboro, ẹni tó fẹ́ ran aláìsàn lọ́wọ́ á dá ẹ̀jẹ̀ dúró, á sì pe áńbúláǹsì. Lójú àwọn tó ń kọ́ni ní irú ìtọ́jú yìí, inú igbó bẹ̀rẹ̀ níbi tí ilé ìwòsàn ti jìnnà ju wákàtí kan lọ. Níbẹ̀, aṣáájú lè bá aláìsàn sun oru kan tàbí méjì kí ìrànlọ́wọ́ tó dé. Ẹ̀kọ́ kékeré gba wákàtí 16, èyí tí wọ́n ń pè ní Wilderness First Responder sì gba wákàtí 70 sí 80. Wọn kì í fi pátákó ìkọ̀wé nìkan kọ́ ọ. Wọ́n á jí akẹ́kọ̀ọ́ lóru, á bá ẹnì kan nílẹ̀ lábẹ́ igi, ẹ̀jẹ̀ àtọwọ́dá lójú rẹ̀, tó ń ké, nígbà tí ẹlòmíràn dákẹ́ jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ta ni yóò kọ́kọ́ lọ bá? Ẹni tó dákẹ́ ni, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó bá ti wo òkè pé igi tó ṣẹ́ lu wọn kò ní í ṣẹ́ lu òun náà. Á kọ ìlù ọkàn aláìsàn sílẹ̀ lóòrèkóòrè, á fi igi àti ẹní ìsùn di ẹsẹ̀ tó ṣẹ́, á sì kọ ìwé tí ẹni méjì yóò mú jáde lọ pe ìrànlọ́wọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń yí padà lọ́nà. Á kọ́ láti dá òtútù tó ń pani mọ̀, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ara bá tutù ju ìwọ̀n 35 °C lọ: ahọ́n tó ń lọ́, ẹsẹ̀ tó ń kọ, àti ẹni tó dẹ́kun gbígbọ̀n tó ń sọ pé ara òun ti yá. Ẹni ìkẹyìn yìí ló yẹ kó ba aṣáájú lẹ́rù jù.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí ṣeé kọ sínú ìwé. Ohun tí kò ṣeé kọ tán ni làákàyè, òun sì ni Petzoldt tẹnu mọ́ títí ó fi kú ní 1999. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà; ìṣòro ilé ẹ̀kọ́ ni pé ọmọdé ni wọ́n fẹ́ rán, wọn kò sì lè dúró kí àkísà rẹ̀ pọ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà ni pé kí wọ́n jẹ́ kó ṣàṣìṣe níbi tí àṣìṣe kò ti lè pani. Lójoojúmọ́ nígbà ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ kan tàbí méjì ni olórí ọjọ́ náà. Wọ́n á yan ọ̀nà, wọ́n á sọ ìgbà tí a ó jẹun, wọ́n á pinnu ibi tí a ó sùn. Olùkọ́ ń bọ̀ lẹ́yìn, ó dákẹ́. Bí wọ́n bá ṣìnà, á jẹ́ kí wọ́n ṣìnà fún wákàtí kan. Nígbà tó bá di alẹ́, gbogbo wọn á jókòó yíká, wọ́n á yẹ ọjọ́ náà wò láìbínú síra wọn: ta ló rí i pé ọ̀nà ti yí tí kò sọ̀rọ̀, kí ló sì dé tí kò fi sọ̀rọ̀?

Ìbéèrè kejì yìí ṣe pàtàkì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lójú àwọn olùkọ́ wọ̀nyí, ewu ibi tí a wà, bí odò, yìnyín, àpáta àti ààrá, kì í sábà dá ìjàm̀bá sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìgbà tó bá bá ewu tó ti ọwọ́ ènìyàn wá pàdé ni: àárẹ̀, ebi, ìgbéraga, ìkánjú kí a lè bá mọ́tò tó fẹ́ kó wa padà, ìtìjú láti sọ pé ẹ̀rù ń ba ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣáájú akẹ́kọ̀ọ́ tún ní ìṣòro tirẹ̀. Àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́la nínú ilé ìjẹun, nítorí náà kì í rọrùn fún un láti kọ ọtí fún wọn, láti bá ẹni tó ń fi ẹlòmíràn ṣẹ̀sín wí, tàbí láti sọ pé ìrìn òní parí síbí. Ìwà lójú àjò ni wọ́n fi ń pe ẹ̀kọ́ yìí: kí ènìyàn gbé ẹrù tó tọ́ sí i, kó sọ òtítọ́ nípa ara rẹ̀, kó sì mọ ìgbà tó yẹ kó gbọ́ràn sí ẹlòmíràn lẹ́nu.

Ní oṣù Kẹfà 2013, NOLS rán ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà kan lọ gun Denali, òkè tó ga jù lọ ní àríwá Amẹ́ríkà, 6,190 mítà. Èrò wọn ni kí àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú rí i pé orí òkè kì í ṣe ti àwọn òyìnbó nìkan. Wọ́n ti sún mọ́ ṣóńṣó òkè náà nígbà tí ààrá àti mànàmáná bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yí padà. Gbogbo wọn sọ̀kalẹ̀ láàyè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí lọ láti ilé ẹ̀kọ́ dé ilé ẹ̀kọ́ láti sọ ìtàn náà. Kò sí ẹ̀kọ́ tó fi làákàyè aṣáájú hàn ju èyí lọ.

Ibi tí irú làákàyè bẹ́ẹ̀ kò bá ti tó, ọ̀ràn a máa burú. Ní oṣù Kọkànlá 1971, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mẹ́fà láti Edinburgh wà lórí òkè Cairngorm ní Skọ́tílándì, akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan, ọmọbìnrin bí ẹni ogún ọdún, ló ń ṣáájú wọn pẹ̀lú olùrànlọ́wọ́ ọmọ ọdún 18. Ìjì yìnyín dé, wọn kò rí ilé kékeré tí wọ́n ń wá, wọ́n sì sun oru méjì nínú yìnyín. Ọmọ márùn-ún àti olùrànlọ́wọ́ náà kú. Aṣáájú àti ọmọkùnrin kan ló yè. Ìwé-ẹ̀rí fún àwọn aṣáájú orí òkè ti wà ní Bìrìtéènì láti 1964, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ikú wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ wá fi ọwọ́ líle mú un. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé-ẹ̀rí Mountain Leader ní láti kọ ó kéré tán 40 ọjọ́ ìrìn gidi lórí òkè sílẹ̀ kó tó jókòó fún ìdánwò, ọjọ́ márùn-ún sì ni ìdánwò náà gbà. Nígbà tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mẹ́rin kú sínú òkun ní Lyme Bay, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1993, ìjọba ṣe òfin kan ní 1995: ibùdó tó bá ń gbowó kó ọmọdé lọ sórí òkè tàbí ojú omi gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ.

Nàìjíríà kò ṣe àjèjì sí ẹ̀kọ́ yìí. Ní 1951, Alec Dickson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ ibùdó kan ní Man O' War Bay, lẹ́bàá ìlú Victoria tó ń jẹ́ Limbe báyìí, ní Kamẹrúùnù tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso pọ̀ mọ́ Nàìjíríà nígbà náà. Àwọn ọ̀dọ́ ń gun Òkè Kamẹrúùnù, tó ga ju 4,000 mítà lọ, wọ́n ń kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń bá àwọn ará abúlé ṣe ọ̀nà àti afárá. Nígbà tí ìdìbò 1961 pín apá ilẹ̀ náà tí ibùdó wà mọ́ Kamẹrúùnù, iṣẹ́ ibùdó náà wọ Nàìjíríà, ó sì di Citizenship and Leadership Training Centre, tó ní ilé ẹ̀kọ́ orí òkè ní Shere Hills lẹ́bàá Jos àti ti ojú omi ní Àpápá, l'Ékòó. Orúkọ etí òkun yẹn kò kú: ẹgbẹ́ Man O' War wà ní àwọn yunifásítì àti pólì káàkiri Nàìjíríà, àwọn ló sì ń mú àwọn àgùnbánirọ̀ gun okùn, fo ògiri, kọjá ẹrọ̀fọ̀ ní àgọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ṣe pàtàkì. Ìlà títò, ìfaradà àti iṣẹ́ ìlú ni Man O' War gbé ga jù; ti àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà sì gbé ẹgbẹ́ kékeré àti ìpinnu ga. Èkíní lè fi èkejì kún ti rẹ̀ láìsọ ohun tó ní nù.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde ní yunifásítì, díẹ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aṣáájú wọ̀nyí ló ń sọ kíkó ènìyàn wọ igbó di iṣẹ́ ọjọ́ gbogbo, ní ọgbà igbó ìjọba, ní ibùdó àwọn ọmọdé, tàbí ní ibi tí wọ́n ti ń fi ìrìn tọ́jú àwọn ọ̀dọ́ tí ọkàn wọn dàrú. Owó rẹ̀ kì í pọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń di dókítà, olùkọ́ tàbí agbẹjọ́rò, tí wọ́n ṣì ń kó ènìyàn lọ ní ìgbà ìsinmi. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú kò lè jókòó lé ohun tó kọ́ nígbà tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì: ìwé-ẹ̀rí ìtọ́jú aláìsàn máa ń kú lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ìgbà náà ló sì tún gbọ́dọ̀ padà lọ fi ẹní ìsùn di ẹsẹ̀ lójú olùkọ́ kí wọ́n tó tún gbà á láyè láti ṣáájú ẹnikẹ́ni.