Kò Parọ́, Ṣùgbọ́n Kò Ṣòótọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan: ṣé ẹni tí kò parọ́ lè jẹ́ aláìṣòótọ́?

Lọ́dún tó kọjá, àǹtí mi kan ra ilẹ̀ pulọ́ọ̀tì kan létí ọ̀sà ní agbègbè Àgbádárìgì. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n mú wọn lọ wò ó. Ilẹ̀ gbẹ, atẹ́gùn ń fẹ́, igi àgbọn tò lọ rẹrẹ. Nígbà tó di oṣù Keje, omi gba gbogbo ibẹ̀. Àǹtí mi pe ẹni tó tà á. Ó ní: "Mọ́mì, ṣé ẹ bi mí bóyá omi ń wọ ibẹ̀ ni? Èmi ò kúkú parọ́ fún yín."

Ká sòótọ́, kò parọ́. Òfin ni mo kà ní yunifásítì, mo sì mọ̀ pé ẹjọ́ yìí ò rọrùn. Abala 419 nínú òfin ìwà ọ̀daràn, ẹni tó fi irọ́ gba dúkìá ló ń bá wí. Òfin tí Gómìnà Akínwùnmí Àm̀bọ̀dé fọwọ́ sí lọ́dún 2016, àwọn ajagungbalẹ̀ ló dojú kọ. Ọkùnrin yìí sì rèé, ilẹ̀ rẹ̀ ló tà. Olùrà, la ojú ẹ: ohun tí òfin ń sọ látọjọ́ pípẹ́ nìyẹn.

Àwọn ará Jámánì, tó ṣàkóso Tógò nítòsí wa níbí láti 1884 di 1914, ní ọ̀rọ̀ kan: Unehrlichkeit. Ehre ni iyì, ehrlich ni olóòótọ́, "un" ló sọ pé kò sí. Irọ́ ní orúkọ tirẹ̀ lọ́tọ̀: Lüge. Èèyàn lè má pa Lüge kankan, kó sì kún fún Unehrlichkeit.

Àwa náà ní i. Yorùbá ń sọ òótọ́, ó sì tún ń ṣe òótọ́. Ẹnu ni irọ́ ń gbé. Inú ìwà ni àìṣòótọ́ fi ṣelé.

Ẹ̀yin tó fẹ́ ra ilẹ̀ létíkun, ẹ lọ wò ó lásìkò òjò. Ẹ bi àwọn aládùúgbò. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ ìbéèrè yín sínú ìwé, kí ẹni tó ń tà á dáhùn, kó fọwọ́ sí i. Bó bá wá parọ́ níbẹ̀, òfin á rí ibi dì í mú.

Ẹ̀yin tó ń tà, ẹ rántí iyì yín. Àǹtí mi ṣì ń ra yẹ̀pẹ̀ dà síbẹ̀ títí dòní.