Ìwé Ló Tú Ọdún 1933 Síta: Bí Àkóso Bọ́ọ̀lù Ṣe Bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí wọ́n ń sọ fún wa ni pé ọdún 1945 ni wọ́n dá NFA, àjọ tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà, sílẹ̀. Àmọ́ Kúnlé Ṣólàjà, akọ̀ròyìn eré ìdárayá, tú àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ wò, ó sì rí i níbẹ̀ pé oṣù Kẹjọ ọdún 1933 ni wọ́n ti fìdí àjọ náà múlẹ̀ l'Ékòó. Henry Porter ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọdún méjìlá gbáko fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù nínú ìtàn wa.

Kí ni wọ́n ń fi àjọ ṣe?

Bọ́ọ̀lù ti wà nílẹ̀ kí àjọ tó dé. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́nnárì ń gbá a, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba náà ń gbá a. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ méjì bá ń jà lórí góòlù kan, tàbí tí wọ́n jọ ń du agbábọ́ọ̀lù kan, ta ni yóò dá ẹjọ́ náà? Àjọ ni gbogbo wọn gbà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni abẹ gé. Irú èrò yìí ló bí FA, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní London lọ́dún 1863, òun náà ló bí FIFA, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, ní Paris lọ́dún 1904.

Ibo ni 1945 ti wá?

Ọdún yẹn ni ìdíje Governor's Cup bẹ̀rẹ̀, tí ẹgbẹ́ Marine ti Èkó sì gba ife-ẹ̀yẹ àkọ́kọ́. Ó jọ pé ife tí gbogbo ayé fojú rí ló bo ìwé àjọ mọ́lẹ̀.

Àjọ náà kò dúró síbẹ̀: lọ́dún 1949, NFA kó agbábọ́ọ̀lù 18 lọ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Tesilimi Balógun sì wà lára wọn. Ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ wọn fi gbá bọ́ọ̀lù, síbẹ̀ wọ́n na Marine Crosby, ẹgbẹ́ kan níbẹ̀, ní 5-2. Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀ wálé, wọ́n yà ní Freetown, wọ́n sì na Sierra Leone ní 2-0 lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹwàá. Lọ́dún 1960 tí a gba òmìnira, Nàìjíríà di ọmọ ẹgbẹ́ FIFA.

Kí ló kan Òkè-Ògùn níbẹ̀?

Ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn, ní Òkè-Ògùn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, lè wà lábẹ́ FIFA, bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá forúkọ sílẹ̀: àjọ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ náà wà lábẹ́ NFF (orúkọ tí NFA ń jẹ́ lónìí), NFF wà lábẹ́ CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, àti FIFA. Owó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹgbẹ́ kan bá ra agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè mìíràn, òfin FIFA ní kí wọ́n yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà fún àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Ẹgbẹ́ tí kò ní àkọsílẹ̀ kò lè fi ẹ̀rí gbe ẹ̀tọ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò bá bá ìtàn yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Nínú ọ̀ràn yìí, àrọ́bá ló fún wa ní 1945, ìwé ló tún un ṣe. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò ìdíje ládùúgbò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọjọ́, orúkọ àti ọjọ́ orí àwọn agbábọ́ọ̀lù, iye góòlù àti orúkọ rẹfirí sílẹ̀. Ẹ forúkọ ẹgbẹ́ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ ìpínlẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà àkọsílẹ̀ náà pamọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí yín.