Ẹran Tó Di Ìdin

Bí Iléyá bá ti pé ọjọ́ kẹta, tí ẹran kan ṣì wà nínú abọ́ tí kò sẹ́ni tó rántí dín in, ìyá mi á ṣí i wò, á ní, "Ẹran yìí mà ti di ìdin!" Bí a ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, àfi bí ẹni pé ẹran fúnra rẹ̀ ló para dà, bí àgbàdo ṣe ń di ògì. Òun kan náà ló sì máa ń pariwo pé ká bo ẹran nítorí eṣinṣin. Kò sẹ́ni tó so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ nílé wa.

Láti ayé Aristotle, onímọ̀ ará Gíríìsì àtijọ́, ni àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù náà ti gbà pé ohun tó bá jẹrà lè bí kòkòrò. Francesco Redi, oníṣègùn kan ní ìlú Florence ní Ítálì, ló kíyè sí i pé eṣinṣin ń bà lé ẹran kí ìdin tó yọ, àti pé ìdin náà ń dàgbà di irú eṣinṣin bẹ́ẹ̀. Ó fura, ṣùgbọ́n ìfura kò tó o.

Ó mú ìgò mẹ́rin, ó fi òkú ejò, ẹja, àti ẹran ọmọ màlúù sínú wọn, ó dé wọn pinpin. Ó to mẹ́rin mìíràn bákan náà, ó ṣí wọn sílẹ̀. Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù: ẹran kan náà, ìgò kan náà, ọjọ́ kan náà, ìdérí nìkan ló yàtọ̀. Bí nǹkan bá wá yàtọ̀, a mọ ibi tí a ó nàka sí.

Ìdin kún àwọn tó ṣí. Àwọn tó dé rùn, wọ́n jẹrà, síbẹ̀ kò sí ìdin níbẹ̀.

Redi kò tíì jó. Ó bi ara rẹ̀ ní ohun tí alátakò ì bá bi í: ṣé kì í ṣe àìsí afẹ́fẹ́ ni? Ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ó fi aṣọ fẹ́lẹ́ bo ẹnu ìgò, irú èyí tí a ń ta sórí ibùsùn nítorí ẹ̀fọn. Afẹ́fẹ́ wọlé, eṣinṣin kò ráyè wọlé. Orí aṣọ náà ni wọ́n fi ọmọ wọn sí.

Ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1668. Síbẹ̀ ó ṣì gbà pé àwọn kòkòrò inú kókó ara igi, igi fúnra rẹ̀ ló bí wọn. Marcello Malpighi, ará Ítálì bíi tirẹ̀, ló la kókó náà wò fínnífínní, ó sì bá ẹyin kòkòrò níbẹ̀.