Ẹ Wo Ibi Tó Ń Gbóná Kí Ẹ Tó Sanwó Mọ́dábọ́ọ̀dù

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tí èèyàn ń fúnra rẹ̀ tò la gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ẹni kan fẹ́ máa ṣe fídíò, ẹlòmíì fẹ́ máa ṣe bíìtì orin, ẹlòmíì géèmù lásán ló fẹ́ gbá. Gbogbo wọn ló ń béèrè pírósẹ́sọ̀ tó yára. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń béèrè irú mọ́dábọ́ọ̀dù tí wọ́n máa gbé e lé. Bẹ́ẹ̀, orí mọ́dábọ́ọ̀dù yẹn ni owó òbí ẹni ti lè jóná, pàápàá bí èèyàn bá fẹ́ ṣe overclocking.

Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Òun ni kí èèyàn wọ inú BIOS lọ, kó sì mú kí pírósẹ́sọ̀ máa sáré ju bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣe ní kó máa sáré lọ. Èyí tó ń sá 4.0 GHz, ẹ lè sún un dé 4.4. Ṣùgbọ́n kò sí eré tí kì í gba agbára. Kó tó lè sá eré yẹn láìdákú, ẹ máa ní láti fi kún fólítéèjì tó ń jẹ. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Tiransifọ́mà inú kọ̀ǹpútà

Gbogbo wa la mọ tiransifọ́mà àdúgbò. Iná tó ń gba orí wáyà ńlá bọ̀ lè tó 11,000 fóltì, kò sì sí ilé tó lè gba ìyẹn. Tiransifọ́mà ló ń rọ̀ ọ́ wálẹ̀ di nǹkan bíi 230 kó tó wọ yàrá wa. Mọ́dábọ́ọ̀dù náà ní irú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ yàtọ̀. Power supply ń fún bọ́ọ̀dù ní fóltì 12, pírósẹ́sọ̀ ò sì fẹ́ ju nǹkan bíi 1.2 lọ. Àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pírósẹ́sọ̀ ló ń sọ 12 di 1.2. VRM ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹ máa rí choke níbẹ̀, tó rí bí àpótí kékeré. Ẹ máa rí capacitor, tó rí bí agolo tíńtín. MOSFET ló wà láàárín wọn: òun ló ń ṣí iná tó sì ń tì í, ní ìgbà tó lé ní 100,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. MOSFET yìí ló máa ń gbóná jù.

Ẹ sì mọ bó ṣe máa ń rí tí gbogbo àdúgbò bá gbé ẹrù lé tiransifọ́mà kékeré. Á máa kùn, á gbóná, nígbà míì ó lè gbiná.

Ẹ̀yin ọmọ Físíìsì, ẹ mú bírò

Ká sọ pé pírósẹ́sọ̀ kan ń jẹ wáàtì 120 ní fóltì 1.2. Ẹ pín in: ámpíà 100 ló ń gba inú VRM kọjá. Agbára tí pírósẹ́sọ̀ ń jẹ máa ń pọ̀ bí eré rẹ̀ ṣe ń pọ̀. Ó tún máa ń pọ̀ bí fólítéèjì tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀. Bí a bá wá fi 10 nínú 100 kún eré, tí a tún fi 10 nínú 100 kún fólítéèjì, 1.1 × 1.1 × 1.1 ni, ìyẹn bíi 1.33. Wáàtì 120 ti di bíi 160 nìyẹn. Ámpíà 100 ti di bíi 121.

Olùkọ́ ti kọ́ wa pé I²R ni ooru tí iná ń dá sílẹ̀ níbi tó bá gbà kọjá. 1.21 × 1.21 jẹ́ bíi 1.46. Nítorí náà, eré fi 10 péré gòkè nínú 100, ṣùgbọ́n irú ooru yìí nínú VRM fi bíi 46 gòkè!

Báwo la ṣe ń dín in kù? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àwọn tó ń ṣe bọ́ọ̀dù máa ń pín iná yìí sí ọ̀nà púpọ̀, phase ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ámpíà 100 bá gba ọ̀nà 4, 25 ló kan ọ̀nà kan. Bó bá gba ọ̀nà 8, 12.5 ni. Bí MOSFET wọn bá jẹ́ irú kan náà, ooru I²R ọ̀nà kọ̀ọ̀kan á di ìdá kan nínú mẹ́rin, àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ á sì di ìdajì.

Ooru tiwa yàtọ̀ sí tiwọn

Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ká sọ pé ẹnì kan lókè òkun dán bọ́ọ̀dù wò nínú yàrá tó wà ní 22 dígírì, ó sì kọ ọ́ pé VRM rẹ̀ dé 90. Ẹ má tíì yọ̀. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, yàrá kan ní Èsìẹ́ níbí lè gbóná dé 36. Ìyàtọ̀ jẹ́ 14, ẹ fi kún 90: ó di bíi 104.

Ọ̀pọ̀ MOSFET lè fara da 125 tàbí 150, ṣùgbọ́n capacitor ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Òfin ìdíwọ̀n kan wà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń lò: bí ooru capacitor bá fi 10 dígírì wálẹ̀, ọjọ́ ayé rẹ̀ á di ìlọ́po méjì, bó bá fi 10 gòkè, á di ìdajì. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù sì máa ń fúnra wọn dín eré pírósẹ́sọ̀ kù bí VRM bá gbóná jù. Eré tí ẹ torí rẹ̀ náwó, ẹ ò ní rí i mọ́.

Ohun tó yẹ kí ẹ wò

1. Ṣé bọ́ọ̀dù náà gba overclocking rárá? Ní ti Intel, ẹ wá bọ́ọ̀dù tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Z, bíi Z490 tàbí Z690, àti pírósẹ́sọ̀ tó ní K lẹ́yìn nọ́ńbà rẹ̀. Ní ti AMD Ryzen tó ń lo AM4, B350, B450, B550, X370, X470 àti X570 gbà. A320 àti A520 ò gbà.

2. Ẹ wo heatsink, ìyẹn irin tó ń fa ooru kúrò lára MOSFET. Kó wúwo, kó ní ìlà-ìlà tí afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá, kí wọ́n sì fi ṣúrù dè é. Ìdérí ike tó kàn ń tan iná aláràbarà ò fa ooru kankan.

3. Ẹ má fi kíka choke nìkan ṣe ìdájọ́. Àwọn kan máa ń so choke méjì mọ́ phase kan kó lè dà bíi pé ó pọ̀. Phase 6 tó ní MOSFET ámpíà 60 lè tutù ju phase 8 tó lo yẹpẹrẹ. Ẹ wá ẹni tó fi ẹ̀rọ wọn ooru VRM bọ́ọ̀dù yẹn gan-an.

4. Ẹ ronú nípa afẹ́fẹ́. Kúlà tí fáànù rẹ̀ kọjú sísàlẹ̀ máa ń fẹ́ VRM pẹ̀lú. Kúlà olómi kì í sábà fẹ́ ẹ, àfi kí fáànù mìíràn wà nítòsí. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa gbọn eruku rẹ̀.

Ti tòkunbọ̀ ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà ní Computer Village, Ìkẹjà, tó sì ń dé ọ̀dọ̀ wa, ọ́fíìsì ni wọ́n ṣe wọ́n fún. BIOS wọn kì í sábà gba overclocking, ohunkóhun tó wù kí oníṣòwò sọ. Ẹ kàn ṣí i, kí ẹ wo capacitor rẹ̀. Bí orí rẹ̀ bá wú tàbí tó ń jò, ẹ má rà á. Ní 2005, Dell ya 300 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ nítorí irú capacitor bẹ́ẹ̀ nínú àwọn OptiPlex wọn.

Ìmọ̀ràn wa

Bí owó bá wà fún bọ́ọ̀dù tí VRM rẹ̀ tutù, ẹ máa fi kún eré díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa wo ooru. Bí owó ò bá tó, ẹ fi pírósẹ́sọ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣe é. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Wáàtì 40 tí ẹ fi kún un, jẹnẹrétọ̀ ló máa gbé e, epo tí wọ́n sì ń rà sí i, owó ni. Kódà ẹni tí kò ní ṣe overclocking láéláé yóò jàǹfààní bọ́ọ̀dù tó tutù, torí ooru ilẹ̀ wa ò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó fún ọmọ Ẹgbẹ́ Akọ̀ròyìn èyíkéyìí. A ó dáhùn lórí ògiri yìí kan náà.