Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ta ni wọ́n pa nínú orin Tom Dooley?

Ní oṣù Karùn-ún 1866, ọmọbìnrin kan, Laura Foster, jáde nílé ní ìpínlẹ̀ North Carolina, l'Amẹ́ríkà. Kò padà wálé mọ́. Nígbà tí wọ́n hú òkú rẹ̀ jáde, ojú ọ̀bẹ wà lára rẹ̀. Tom Dula, sójà tó ti ogun abẹ́lé bọ̀, ni wọ́n mú. Gómìnà àná, Zebulon Vance, gba ẹjọ́ rẹ̀ rò, ṣùgbọ́n pàbó ló já sí. Wọ́n yẹgi fún Tom ní Statesville ní 1868.

Àwọn ará òkè ibẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà dorin. Bí ahọ́n wọn ṣe ń pe Dula ló di Dooley. Àwọn olórin Grayson àti Whitter gbà á sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní 1929. Ní 1958, ti ẹgbẹ́ olórin Kingston Trio gba ipò kìíní l'Amẹ́ríkà.

Ohun tó dùn mí jù nìyí: nínú orin Kingston Trio yẹn, wọ́n ń dárò ẹni tí wọ́n fẹ́ yẹgi fún, wọn ò dárúkọ ọmọbìnrin tí wọ́n pa rárá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí Laura Foster.